Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́: ọjà Àpòmù, àròkọ mi, àti àwọn mẹ́ta tó kà á

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi. Mi ò sọ̀rọ̀ oúnjẹ lónìí, mi ò sì sọ̀rọ̀ aṣọ. Ìtàn kọ́mẹ́ǹtì kan ni mo fẹ́ sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi kan ló kọ ọ́ sábẹ́ àròkọ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kọ́mẹ́ǹtì yẹn ló jẹ́ kí n mọ ìtàn ìlú mi dáadáa. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹni tí dátà ẹ̀ bá ti fẹ́ tán, kó fi pamọ́ dalẹ́.

2/
Ọmọ Àpòmù ni mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ẹ mọ Ìkirè dáadáa, torí dòdò tí wọ́n máa ń nà sí yín lójú fèrèsé ọkọ̀. Àpòmù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsọkàn ni wá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá kàn gba ìlú wa kọjá lónìí lè má mọ̀ pé ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọjà wa wà lára àwọn ọjà tó lókìkí jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀yọ́ ń wá, Ìjẹ̀bú ń wá, Ifẹ̀ ń wá, Òwu ń wá.

3/
Nínú kíláàsì ìtàn, olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ àròkọ lórí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nílùú ẹ̀. Inú mi dùn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn ọjà Àpòmù. Àfi bí olùkọ́ ṣe ní kẹ́nikẹ́ni má tíì gbé iṣẹ́ wá fún òun. A máa kọ́kọ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mẹ́ta nínú kíláàsì á kà á, wọ́n á sọ èrò wọn, a ó tún un kọ, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ òun. Peer review ni wọ́n ń pè é lédè Òyìnbó. Èmi máa pè é ní àyẹ̀wò ẹlẹgbẹ́ níbí.

4/
Ariwo ta. "Ṣé àwa la máa máa máàkì ara wa ni?" "Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò?" Ẹnì kan tiẹ̀ ní iṣẹ́ tí wọ́n ń torí ẹ̀ sanwó oṣù fún olùkọ́ ni olùkọ́ fẹ́ gbé lé wa lórí. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́."

Ẹni tó bá ti rí i níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà oko, ọ̀rọ̀ yìí á yé e. Ẹni tó mú àdá lọ́wọ́, iwájú ló ń wò. Lójú tiẹ̀, ọ̀nà náà gún régé. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ nìkan ló ń rí ibi tó ti wọ́.

5/
Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Moodle la lò. Martin Dougiamas, ọmọ Ọsirélíà, ló gbé e jáde ní 2002, ọ̀pọ̀ yunifásítì lágbàáyé ló sì ń lò ó. Apá kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Workshop. Á gba àròkọ gbogbo yín, á fi orúkọ pamọ́, á sì pín in. Ti àwọn mẹ́ta á dé ọ̀dọ̀ rẹ, tìẹ náà á dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta. O ò mọ ẹni tó ń ka tìẹ, òun náà ò mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé máàkì méjì ló ń fúnni: ọ̀kan fún ohun tó o kọ, ọ̀kan fún bó o ṣe yẹ iṣẹ́ ẹlòmíì wò. Ẹ rántí ìyẹn, mo máa padà síbẹ̀. Ó máa dójú tì mí.

6/
Olùkọ́ fi ìbéèrè mẹ́rin síbẹ̀ tí ẹni tó ń kà gbọ́dọ̀ dáhùn:
Kí ni àròkọ yìí fẹ́ ká gbà gbọ́?
Ẹ̀rí wo ló fi gbè é lẹ́sẹ̀?
Níbo ló ti rú ọ lójú?
Ta ló yẹ kó sọ̀rọ̀ nínú ìtàn yìí tí kò sọ̀rọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ìkẹrin yẹn mú. Òun ló fa gbogbo wàhálà.

7/
Ohun tí mo kọ rèé. Ìtàn Awólẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas. Kí Awólẹ̀ tó di Aláàfin, ó wá sí ọjà Àpòmù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn, ó tà á lẹ́rú níbẹ̀. Ẹ ò ṣì í kà o, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọba ti pàṣẹ fún Baálẹ̀ Àpòmù pé kó máa ṣọ́ àwọn tó ń jí èèyàn tà lọ́jà náà. Ẹjọ́ dé iwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n na Awólẹ̀.

8/
Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ní nǹkan bí 1789, Aláàfin Abíọ́dún wàjà, Awólẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Wọ́n bi ọba tuntun pé ta ló fẹ́ bá jagun, bí àṣà wọn. Kò ronú jìnnà. Àpòmù ni.

Baálẹ̀ sá lọ bá Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, torí pé abẹ́ Ifẹ̀ ni Àpòmù wà. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ogun sí àwọn èèyàn ẹ̀ lọ́rùn, ó pa ara ẹ̀, ó ní kí wọ́n gé orí òun, kí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, bóyá inú ọba á rọ̀. Bí wọ́n ṣe gba Àpòmù sílẹ̀ nìyẹn. Ogun tí Awólẹ̀ tún wá rán lọ sí Ìwéré ló dojú kọ òun fúnra ẹ̀, Àfọ̀njá sì wà nídìí ẹ̀.

9/
Mo wá lọ sórí ogun Òwu. Lẹ́yìn Awólẹ̀, jíjí èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjà Àpòmù, àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì ń jí jù. Onikòyí àti Tòyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kó bá àwọn dá a dúró. Òwu gbé ogun ti àwọn ìlú kan lábẹ́ Ifẹ̀. Inú ń bí Ifẹ̀. Nígbà tó tún yá, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà wa láàárín Ìjẹ̀bú àti Òwu nítorí ataare. Ataare lásán o! Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, àwọn tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n dó ti Òwu fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì tú u ní nǹkan bí 1822.

10/
Àwọn jagunjagun yẹn ò padà sílé. Wọ́n wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n ń tú ìlú kan lẹ́yìn ìkejì. Ibẹ̀ ni Ìbàdàn tá a mọ̀ lónìí ti jáde, ní nǹkan bí 1829. Ibẹ̀ náà ni Ẹ̀gbá ti sá wá tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830, tí àwọn Òwu náà sì wá bá wọn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Gbogbo èyí, ọjà wa ni wọ́n ti ṣá iná sí i. Mo wá fi gbólóhùn kan parí àròkọ mi: "Àpòmù ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé, gbogbo ayé ló sì dáná sí i nílé." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

11/
Ọjọ́ kẹrin, kọ́mẹ́ǹtì dé.

Ẹni àkọ́kọ́ kọ: "Nice work dear, keep it up." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnì kejì tún ọ̀nà tí mo gbà kọ orúkọ ìlú méjì ṣe, ó sì ní gbólóhùn kan gùn jù. Mo dúpẹ́.

Ẹnì kẹta. Hmm. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: "O ní Baálẹ̀ na Awólẹ̀ torí ó ta ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó dáa. Ta ló rà á? Ta ni ọjà náà wà lábẹ́ ẹ̀? Nínú àròkọ yìí, Ọ̀yọ́ jẹ̀bi, Òwu jẹ̀bi, Ìjẹ̀bú jẹ̀bi, Ifẹ̀ ò sì ṣe tó. Ìlú ẹni tó kọ ọ́ nìkan ni kò jẹ̀bi. Ọkùnrin tí wọ́n tà dà? Kò sọ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Ó wá fi Yorùbá kan ṣoṣo parí ẹ̀: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

12/
Wọ́n pe èmi ní òṣìkà! Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bọ́ sórí WhatsApp, mo ń bi àwọn ọ̀rẹ́ mi ta nínú kíláàsì wa ló jẹ́ ọmọ Òwu. Ó dá mi lójú pé ọmọ Òwu ni. Àbí ta ló tún lè bínú tó bẹ́ẹ̀ sí wa?

Lálẹ́, mo pe màmá mi àgbà ní Àpòmù. "Màmá, ẹnì kan bú ìlú wa o." Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo kà á, mo ń túmọ̀ ẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Màmá dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èébú dà níbẹ̀? Ìbéèrè ló bi ọ́. Ṣé o ti dá a lóhùn?"

Mi ò tíì dá a lóhùn.

13/
Ọjọ́ kejì, mo lọ sí láíbúrì, mo gbé ìwé Johnson. Kí n sòótọ́: mi ò tíì kà á délẹ̀ rí. Ojú ewé tí Àpòmù wà ni mo máa ń wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé ìwé náà fúnra ẹ̀ ní ìtàn.

Hastings ní Sàró ni wọ́n bí Samuel Johnson sí, ní 1846. Àrọ́mọdọ́mọ Aláàfin Abíọ́dún ni. Ó di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ó gbé ní Ìbàdàn, ó sì ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi ń kó ìtàn jọ lẹ́nu àwọn àgbà. Ní 1897, ó kọ ọ́ tán.

14/
Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní Ìlú Ọba ní 1899, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan. Ìwé náà sọnù. Iṣẹ́ ogún ọdún! Johnson kú ní 1901, kò rí i. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn ìwé kéékèèké tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tó tún gbogbo ẹ̀ kọ.

Ní January 1916, ìwé náà tún wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Appam. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun Jámánì gba Appam lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún méjì kọjá kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. 1921 ló tó jáde.

Ẹ̀yin tí fáìlì yín bá sọnù tẹ́ ẹ máa ń ké, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

15/
Ohun tó wá gbá mi mú ni àwọn tí Johnson dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. David Kukomi, àgbà nínú ìjọ Ìbàdàn. Josiah Oni, oníṣòwò tó rin ilẹ̀ káàkiri. Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ. Àgbà ni gbogbo wọn, wọ́n mọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ojú wọn dúró sí: Ìbàdàn àti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù. Nígbà tí Johnson dé orí ogun Òwu, ta ló dúró lẹ́yìn ẹ̀ láti Òwu tó máa sọ pé, "Bàbá, ọ̀nà yín wọ́ níbí"? Ta ló dúró láti Àpòmù?

Mi ò bú u o. Láìsí ìwé yẹn, èmi gan-an ò ní rí nǹkan kọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó la irú ọ̀nà gígùn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó rí ojú púpọ̀ lẹ́yìn ara ẹ̀.

16/
Ojú yẹn padà dé. Ní 1971, Akin Mabogunje àti J. D. Omer-Cooper gbé ìwé jáde lórí Òwu nínú ìtàn Yorùbá, Yunifásítì Ìbàdàn ló tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé Òwu síwájú bí ìlú tó ní agbára àti ìtàn tirẹ̀, wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn Òwu fúnra wọn, wọ́n sì tún ohun tí Johnson kọ yẹ̀ wò.

Láti 1921 sí 1971, àádọ́ta ọdún. Ẹ̀dà tí Johnson kọ́kọ́ kọ tán, ó ti ju àádọ́rin ọdún lọ. Àyẹ̀wò ẹlẹgbẹ́ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni. Èmi gba tèmi ní ọjọ́ mẹ́rin, mo ń sunkún.

17/
Ní báyìí, àwọn kan máa sọ pé ohun òyìnbó nìyí. Ẹ gbọ́. Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ifẹ̀. Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí gan-an, kò sẹ́ni tó dá a ṣe. Ajàyí Crowther ti ń kọ ìwé lórí èdè wa láti 1843, òun àti Thomas King sì jọ ṣiṣẹ́ lórí títúmọ̀ Bíbélì. Ṣùgbọ́n kálukú ń kọ Yorùbá bó ṣe wù ú. Ní 1875, wọ́n pe ìpàdé ní Èkó, wọ́n kó ọ̀nà tí kálukú ń gbà kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fẹnu kò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ tó jókòó yẹ iṣẹ́ ara wọn wò ni wọ́n. Àwa la ṣì ń jẹ èrè ẹ̀ títí dòní.

18/
Ti akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ńkọ́? Ẹ wá sí Ìbàdàn, 1958. Yunifásítì Kọ́lẹ́jì ni wọ́n ṣì ń pè é nígbà yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, J. P. Clark, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ewì kékeré kan, ó pè é ní The Horn. Olùkọ́ kan tó wá láti Leeds, Martin Banham, ló gbà á níyànjú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ ewì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń yàn án, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ń kà á jù. Wole Soyinka náà ní ewì nínú ẹ̀.

Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bébà lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ òun máa ka ohun tóun kọ, tí wọ́n á sì bá a wí, kì í kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ ọ́ fún olùkọ́ nìkan.

19/
Ní Amẹ́ríkà, ohun tó sọ ọ́ di ètò nínú kíláàsì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù. Ní 1970, yunifásítì ìlú New York ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga nílùú náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ya wọlé, ọ̀pọ̀ wọn ni kíkọ nira fún. Kenneth Bruffee ní Brooklyn College rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ gba ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbà á lọ́dọ̀ ara wọn. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ní 1973, Peter Elbow kọ ìwé kan tí àkọlé ẹ̀ jẹ́ Writing Without Teachers: kẹ́ ẹ kó ara yín jọ, kẹ́ ẹ máa kàwé síra yín létí, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kàn yín bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ ọ.

Kíláàsì tó kún fọ́fọ́, olùkọ́ kan ṣoṣo. Ṣé kò jọ ibi tẹ́ ẹ mọ̀?

20/
Èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín rèé. Ṣẹ́ ẹ mọ Turnitin, tí gbogbo wa máa ń gbàdúrà kó má mú wa lọ́jọ́ tá a bá ń fi iṣẹ́ àṣekágbá sílẹ̀? Àyẹ̀wò ẹlẹgbẹ́ ló bí i! Láàárín àwọn ọdún 1990, John Barrie, tó ń kàwé tó sì ń ràn wọ́n kọ́ni ní yunifásítì California ní Berkeley, ṣe ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ka iṣẹ́ ara wọn. Níbi tí wọ́n ti ń kà á ni àṣírí ti tú pé àwọn kan ń jí ti ẹlòmíì kọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ronú kan ẹ̀rọ tó ń mú olè.

Ojú ẹlẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ rí olè. Ẹ̀rọ tẹ̀ lé e ni.

21/
Nílé níbí, ọ̀pọ̀ wa ò fi kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe nǹkan kan títí di 2020, tí Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ojijì ni gbogbo nǹkan bọ́ sórí Zoom, Google Classroom àti WhatsApp. Ẹni tó ní dátà ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí kò ní ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀. Ìnira yẹn ṣì wà. Ẹni tí kò ní iná, tó ń fi fóònù kékeré ka àròkọ ojú ewé mẹ́fà láàárín òru, àánú ẹ̀ yẹ kó ṣeni kó tó di pé wọ́n ń gé máàkì ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi dátà bo ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Mo ní mo máa padà síbì kan, àbí?

22/
Ọ̀kan nínú àròkọ mẹ́ta tí ẹ̀rọ pín fún mi, lórí àwọn Òwu ní Abẹ́òkúta ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Òwu tí mo ń wá kiri, iṣẹ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀. Ago mọ́kànlá kọjá lálẹ́, oorun ń kùn mí, mo sáré wo ojú ewé àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, mo kọ "Ó dáa gan-an, well done," mo sùn.

Nígbà tí máàkì jáde, olùkọ́ sọ àṣìṣe kan fún gbogbo kíláàsì láìdárúkọ ẹni tó ṣe é: ẹnì kan kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé 1922 ni wọ́n tú Òwu. Ó fi ọgọ́rùn-ún ọdún lé e. Ojú ewé kẹta ló wà, ojú ewé tí mi ò kà. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú mi tẹrí ba. Mo mọ̀ pé òun ni. Òun ò mọ̀ pé èmi ni.

23/
Ẹ wò ó. Ẹni tó kọ "Nice work dear" sábẹ́ iṣẹ́ mi, mo pè é ní ọ̀lẹ. Ẹni tó ka tèmi délẹ̀ tó bi mí ní ìbéèrè gidi, mo pè é ní ọ̀tá. Èmi náà wá ṣe ohun tí ọ̀lẹ yẹn ṣe gẹ́lẹ́, fún ẹni tí mo rò pé ó jẹ́ ọ̀tá.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Mo tiẹ̀ rò pé ẹni tó kà á fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

24/
Tèmi ńkọ́? Mo tún un kọ kó tó dé ọwọ́ olùkọ́. Mo padà síbi àṣẹ tí wọ́n pa fún Baálẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni mo ti ń fi àṣẹ yẹn yangàn pé wọ́n fọkàn tán wa. Mo wá bi ara mi léèrè: wọn kì í pàṣẹ pé kí wọ́n má jí èèyàn níbi tí wọn kì í ti í jí èèyàn. Wọ́n ń tà wọ́n lọ́jà wa. Àwọn tó ń rà wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń rà wọ́n. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀ tó lọ sí etíkun, ọkọ̀ sì wà létíkun. Baálẹ̀ tó na Awólẹ̀ ṣe ohun tó tọ́, ó sì fi ẹ̀mí ẹ̀ san án. Ṣùgbọ́n ọjà tí kò bá ta èèyàn, kò sẹ́ni tó máa mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá síbẹ̀ wá tà.

25/
Ọkùnrin tí wọ́n tà yẹn, mo sọ ìtàn yìí láìmọye ìgbà, n kò béèrè rí pé ibo ló já sí. Orúkọ Awólẹ̀ ń bẹ lẹ́nu mi, oyè Baálẹ̀ ń bẹ lẹ́nu mi. Òun, "ọ̀rẹ́ ẹ̀" lásán ni. Mo fi òun bẹ̀rẹ̀ àròkọ mi tuntun: ọkùnrin kan tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sọ́jà, kò mọ̀ pé òun ni ọjà.

Mo yọ gbólóhùn tí mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi lé lórí kúrò. Ó dùn mí o. Ó dùn létí, àmọ́ kì í ṣòótọ́.

26/
Mo ka ẹ̀dà tuntun náà fún màmá àgbà lórí fóònù. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní mo ta ìlú. Wọ́n ní, "O ò ta ìlú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tà. Ìwọ kàn ka owó ẹ̀ ni."

27/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yẹ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo rí kọ́ nìyí:

Ẹ kà á délẹ̀. Ojú ewé kẹta ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí.
"Ó dáa" kì í ṣe oore. Ẹ sọ ibi tó ti dáa, ẹ sì sọ ibi tó ti wọ́.
Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ bá wí, ẹ fi ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.
Tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè tó ta yín lára, ẹ sùn lé e lórí kẹ́ ẹ tó fèsì. Ẹ bi ara yín bí màmá mi ṣe bi mí: ṣé mo ti dá a lóhùn?

28/
Títí dòní mi ò mọ ẹnì kẹta yẹn. Ẹ̀rọ ò sọ, èmi náà ò wádìí mọ́. Ó lè jẹ́ ọmọ Òwu, ó lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ó sì lè jẹ́ ọmọ Ìkirè tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa. Tó o bá ń ka èyí, o ṣeun. O rí ibi tí ọ̀nà mi ti wọ́, o ò sì dákẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ Àpòmù, Òwu, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ifẹ̀ tẹ́ ẹ bá mi débí, iṣẹ́ yín rèé. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ìtàn ọjà yẹn nílé tiyín? Ibo ni ọ̀nà tèmi ṣì ti wọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Mi ò ní sunkún lọ́tẹ̀ yìí.